Ìwé Ni Ó Ń Gbé Orí Ẹran Kọjá Òkun

     Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò ni a tẹ̀ sínú ìwé yìí. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì tún un kà fún ará ilé tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ ìwo ẹran, awọ ẹran àti orí ẹran tí ọdẹ pa. Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nínú igbó ilẹ̀ wa, tí ó fi ń dé ògiri ilé ẹni tí ó pa á ní òkè òkun? Kí ni ó lè dá a dúró lọ́nà? Kí sì ni ó kàn wá níbẹ̀, àwa tí a wà ní abúlé? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan.

ÌBÉÈRÈ BÀBÁ ỌDẸ

Bàbá kan wà ní kíláàsì wa. Ọdẹ ni. Ọmọ ọdẹ sì ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, bàbá náà dúró dè mí. Ó mú lẹ́tà kan jáde nínú àpò.

Ó ní, "Olùkọ́, wá gbọ́ bí mo ṣe ń ka ìwé yìí. Bí mo bá ṣì í kà, kí o tún un ṣe fún mi."

Mo ní, "Ẹ máa kà á, Bàbá. Mo ń gbọ́."

Ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé ni ó kọ ọ́. Ọmọ náà ní òun ti gba ilé tuntun. Ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ fi awọ ẹkùn tí bàbá àgbà pa ránṣẹ́ sí òun, pẹ̀lú orí ẹfọ̀n tí ìwo méjèèjì wà lára rẹ̀. Òun fẹ́ gbé wọn kọ́ sí ara ògiri, kí àwọn ọmọ òun lè mọ̀ pé ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti wá.

Inú Bàbá dùn gidigidi. Ó ti ṣètò. Ìyá kan ní àdúgbò rẹ̀ ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Paris ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bàbá fẹ́ fi aṣọ di awọ àti ìwo náà, kí ó sì fi wọ́n sí abẹ́ ẹrù ìyá náà. Ìyá náà kò mọ ìwé. Kò sì bèèrè ohun tí ó wà nínú ẹrù náà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì dì í. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè wò."

Mo lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó. Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹrù ránṣẹ́ láti Kútọnu. Ohun tí mo gbọ́, tí mo sì kà, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

OHUN ÌRÁNTÍ ỌDẸ

Kò sí ọdẹ tí kò fẹ́ kí ayé mọ ohun tí òun pa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ tí ó bá pa erin a gé ìrù rẹ̀ wá sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé irọ́ ni ó ń pa. Ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn, ọba ni ó ń gbé awọ rẹ̀ lọ fún. Ẹ wo inú ilé àwọn àgbà ọdẹ wa. Ẹ ó rí agbárí àti ìwo lára ògiri. Ohun ìrántí ni wọ́n. Bí ọmọ bá bèèrè, bàbá á sọ ìtàn rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tiwa pa ẹran nínú igbó, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Òyìnbó tí ó wá ṣọdẹ ní Áfíríkà, òkun ni ó wà láàárín òun àti ilé rẹ̀. Wàhálà tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí ẹran bá ṣubú.

Ní ọdún 1909, Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀, lọ ṣọdẹ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ó fẹ́ kó ẹran ránṣẹ́ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní Washington. Ẹ mọ ohun tí àwọn aláàárù rẹ̀ rù wọ inú igbó? Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n kó dání tó tọ́ọ̀nù 4. Kì í ṣe ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sè. Awọ ẹran ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́ kí ó má baà jẹrà kí ó tó dé òkè òkun.

ÀWỌN ÀJÈJÌ TÍ Ó WÁ ṢỌDẸ NÍ ILẸ̀ WA

Ẹ má rò pé ilẹ̀ ibòmíràn nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní àríwá Benin níhìn-ín, ìjọba ya igbó sọ́tọ̀ fún ọdẹ àjèjì. Porga, Batia àti Konkombri wà ní ẹ̀gbẹ́ igbó Pendjari. Djona àti Mékrou wà ní ẹ̀gbẹ́ igbó W. Nínú igbó Pendjari àti igbó W gan-an, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni a fún àwọn ọlọ́dẹ ní àyè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Faransé àti àwọn òyìnbó mìíràn máa ń wá. Wọ́n ń san owó ìwé àṣẹ. Wọ́n ń san owó lórí ẹran kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa. Ẹfọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn ń wá. Àwọn ọmọ abúlé ni ó ń bá wọn tọpa ẹran. Nínú owó ọdẹ tí ìjọba ń gbà, a ń fún ẹgbẹ́ àwọn abúlé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ igbó ní ìpín tiwọn. Ẹran jíjẹ wà fún àwọn ará abúlé. Orí, ìwo àti awọ ni ọdẹ àjèjì ń mú lọ.

Láti ọdún 2019, nǹkan ti yí padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn agbébọn jí àwọn ará Faransé 2 gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń mú wọn kiri. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn aṣọ́gbó ní igbó W. Ẹ̀rù ti ba àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a rí kọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń fi ẹrù wọn ránṣẹ́ wúlò fún wa síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé orí ẹfọ̀n kan láti inú igbó dé òkè òkun, kí a lè mọ ohun tí à bá bá pàdé bí a bá gbé ti Bàbá lọ.

IṢẸ́ KÌÍNÍ: IYỌ̀ ÀTI OMI GBÍGBÓNÁ

Ẹran tí a pa ní ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ rùn. Nítorí náà, ọjọ́ tí a pa á gan-an ni a ti ń bó o. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà á fi ọ̀bẹ kékeré yọ gbogbo ẹran àti ọ̀rá kúrò lára awọ. Ibi ètè, ibi ojú àti inú etí ni ó le jù. Bí ẹran díẹ̀ bá kù síbẹ̀, irun ibẹ̀ á re.

Lẹ́yìn èyí, a ó da iyọ̀ sí i. Kì í ṣe ìwọ̀n ọwọ́ kan tàbí méjì. A ó da iyọ̀ bo gbogbo inú awọ, a ó sì fi ọwọ́ rà á wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ á fa omi jáde. Ní ọjọ́ kejì, a ó gbọn iyọ̀ tí ó ti tutù dànù, a ó sì da òmíràn sí i. Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni a ó ti gbẹ ẹ́. Kì í ṣe inú oòrùn. Oòrùn á jẹ́ kí òkè rẹ̀ gbẹ, kí inú rẹ̀ sì máa jẹrà.

Orí àti ìwo ńkọ́? Inú omi híhó ni a ó sè é sí títí gbogbo ẹran á fi bọ́ kúrò lára egungun. A ó yọ ọpọlọ kúrò. A ó fi oògùn fọ agbárí títí yóò fi funfun, tí kòkòrò àrùn yóò sì kú.

Kí ni ìdí gbogbo wàhálà yìí? Nítorí àrùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ó rántí ọdún 1997. Ní ọdún náà, àrùn burúkú kan wọ ilẹ̀ Benin, ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìmàdò inú igbó lè gbé àrùn yẹn sára kí ó má sì ṣàìsàn rárá. Kòkòrò àrùn mìíràn wà tí ń bẹ nínú awọ màlúù àti awọ ẹfọ̀n. Àwọn ará òkè òkun ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù. Wọn kò fẹ́ kí orí ẹran tí a gbé kọ́ sí ògiri pa gbogbo agbo ẹran wọn. Nítorí náà, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ pé awọ tí a fi iyọ̀ tọ́jú gbọ́dọ̀ wà nínú iyọ̀ fún ọjọ́ 14, ó kéré tán, kí ó tó gbéra. Egungun àti ìwo gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. A sì gbọ́dọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó má fi ara kan ẹran mìíràn.

Ẹ rí i pé kì í ṣe ìkanra ni. Bí àwa náà bá ń sin ẹran, ohun tí àwa náà yóò fẹ́ nìyẹn.

IṢẸ́ KEJÌ: ÌWÉ

Awọ ti gbẹ. Orí ti mọ́. Ẹ rò pé ó kù kí a gbé e lọ? Rárá o. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Washington, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan. Orúkọ àdéhùn náà ni CITES. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Ilẹ̀ Benin wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1984. Ohun tí àdéhùn náà sọ ni pé ẹran igbó àti igi tí ó ń tán lọ kò gbọdọ̀ kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láìsí ìwé àṣẹ.

Àdéhùn náà pín ẹran sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú méjì.

Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn ẹran tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹkùn wà níbẹ̀. Erin ilẹ̀ wa wà níbẹ̀. Akíka wà níbẹ̀. Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ìwé àṣẹ méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà. Orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti ń jáde á kọ ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ á kọ ọ̀kan. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹrù kò lọ.

Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tí kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n tí ó lè tán bí a kò bá ṣọ́ra. Kìnnìún wà níbẹ̀. Erinmi wà níbẹ̀. Òjòlá, ejò ńlá inú igbó wa, wà níbẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí náà, ìwé àṣẹ ìjáde gbọ́dọ̀ wà. Ìwé ìjáde yìí kì í lò ju oṣù 6 lọ. Bí oṣù 6 bá kọjá kí ẹrù tó lọ, a ó tún ìwé mìíràn gbà.

Ẹfọ̀n kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ìwo ẹfọ̀n kò nílò ìwé. Òfin ilẹ̀ Benin lórí ẹran igbó wà. Ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni a fọwọ́ sí i. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Àwọn aṣọ́gbó gbọ́dọ̀ kọ ìwé tí ó fi ibi tí ẹran náà ti wá hàn. Dókítà ẹran gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé ó mọ́, kò ní àrùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé tí ó ń bá orí ẹfọ̀n kan dé Kútọnu:

1. Ìwé àṣẹ ọdẹ ẹni tí ó pa á.
2. Ìwé àwọn aṣọ́gbó, tí ó sọ ibi tí a ti pa á.
3. Ìwé dókítà ẹran.
4. Ìwé àwọn oníbodè, tí ó sọ ohun tí ó wà nínú àpótí.
5. Ìwé ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Bí ó bá jẹ́ ẹran ọ̀wọ́ kìíní tàbí ọ̀wọ́ kejì ni, ìwé CITES á di ìkẹfà. Bí orúkọ ẹran tí ó wà nínú ìwé kan bá yàtọ̀ sí ti ìwé kejì, tàbí bí iye rẹ̀ kò bá bára mu, a ó dá ẹrù dúró.

Nígbà mìíràn, ìwé gbogbo lè pé, kí ọ̀nà sì dí síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2015, ará Amẹ́ríkà kan pa kìnnìún kan tí a ń pè ní Cecil ní ilẹ̀ Zimbabwe. Ariwo ọ̀rọ̀ náà gba ayé kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta, American àti United sọ pé àwọn kò ní gbé orí kìnnìún, ẹkùn, erin, àgbáńréré tàbí ẹfọ̀n tí ọdẹ pa mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Faransé sọ pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti gbé orí kìnnìún wọlé mọ́. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

IṢẸ́ KẸTA: ÀPÓTÍ ÀTI ỌKỌ̀

Àpótí pákó ni a ń kó orí àti awọ sí. Pákó náà ní òfin tirẹ̀. Kòkòrò ń gbé inú igi. Nítorí náà, a ó fi ooru mú igi náà gbóná dé ìwọ̀n 56 fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. A ó sì tẹ òǹtẹ̀ sí i lára. Àpótí tí kò ní òǹtẹ̀ yìí, a lè dá a padà tàbí kí a sun ún.

Ọkọ̀ wo ni yóò gbé e? Ọ̀nà méjì ni ó wà.

Ọ̀nà kìíní ni ọkọ̀ òfurufú. Láti Kútọnu dé Paris kò ju nǹkan bíi wákàtí 6 lọ. Ẹrù kò ní pẹ́ jẹrà, kòkòrò kò ní rí àyè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í wo ìwúwo nìkan. Ó tún ń wo àyè tí ẹrù gbà. Ká ní àpótí kan gùn ní sàǹtímítà 120, ìbú rẹ̀ jẹ́ 80, gíga rẹ̀ jẹ́ 60. Ẹ fi 120 lọ́nà 80, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ rí lọ́nà 60. Ẹ ó rí 576 000. Àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń pín in sí 6 000. Ẹ ó rí 96. Bí àpótí náà kò bá tilẹ̀ wúwo ju kílò 40 lọ, owó kílò 96 ni ẹ ó san. Ìwo ẹfọ̀n fẹ̀, kò wúwo púpọ̀. Àyè ni ó ń gbà. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ ojú omi. Láti ọdún 1965 ni èbúté ńlá ti Kútọnu ti wà. Níbẹ̀, a ń kó ẹrù àwọn ènìyàn púpọ̀ pọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan. Owó rẹ̀ dín sí ti òfurufú. Ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Inú kọ̀ǹténà ń móoru, ó sì ń tutù. Omi máa ń sẹ̀ nínú rẹ̀ bí ìrì. Awọ tí kò gbẹ dáadáa á hu èéhù, kòkòrò á sì jẹ irun rẹ̀ tán. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré ń san owó àyè tí ó ju ti ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ kan tún wà láàárín ìwé ọkọ̀ méjèèjì. Ìwé ọkọ̀ ojú omi dà bí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lè gba ẹrù ní òdìkejì. Bí ó bá sọnù, wàhálà dé. Ìwé ọkọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i ni a ó fún ní ẹrù.

Gbogbo owó wọ̀nyí ni ọdẹ àjèjì ń san: owó iyọ̀, owó ìwé, owó àpótí, owó ọkọ̀, owó oníbodè níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bí ó bá dé ilé, ó ṣì kù kí ó san owó oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò na awọ náà bo ère, kí ó lè dà bí ẹran ààyè.

KÍ NI BÀBÁ ỌDẸ ṢE?

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó ń ronú.

Ó ní, "Awọ ẹkùn yìí, kì í ṣe èmi ni mo pa á. Bàbá bàbá mi ni. Kò tíì sí òfin nígbà náà."

Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Àdéhùn náà tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni kí òfin tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Ìwé wo ni ẹ ní tí ó sọ ọdún tí wọ́n pa á?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ta ni ó mọ ìwé nínú wọn? Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kú. Òkú kò lè wá jẹ́rìí."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Awọ náà wà. Ìtàn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú oníbodè, awọ àtijọ́ tí kò ní ìwé kò yàtọ̀ sí awọ ẹkùn tí a pa ní àná.

Ìyá tí ó fẹ́ rìnrìn àjò ńkọ́? Ká ní ó gbé ẹrù náà dé pápákọ̀ òfurufú ní Paris. Àwọn oníbodè á tú àpò rẹ̀. Wọ́n á rí awọ ẹkùn. Wọ́n á bi í pé, "Ìwé rẹ dà?" Kò mọ ohun tí ó gbé. Wọ́n á gba awọ náà. Wọ́n lè ní kí ó san owó ìtanràn tí kò ní lè san. Wọ́n lè tì í mọ́lé. Ìyá tí ó lọ kí ọmọ, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni! Nígbà tí Bàbá gbọ́ èyí, ó gbá orí rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi ti ìyá ọlọ́mọ sí wàhálà."

Bàbá kò fi awọ náà ránṣẹ́. Kò fi orí ẹfọ̀n náà ránṣẹ́. Ó pe ọmọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ fọ́tò. Ó gbé awọ ẹkùn lé èjìká, ó gbé orí ẹfọ̀n sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé àti kálámù. Alẹ́ mẹ́ta ni ó fi kọ ọ́. Ó kọ orúkọ bàbá àgbà. Ó kọ orúkọ igbó tí wọ́n ti pa ẹkùn náà, àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Ó kọ orúkọ ẹni tí ó pa ẹfọ̀n. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀. Kò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé yẹn àti fọ́tò náà ni ìyá náà bá a gbé lọ. Oníbodè kankan kò dá a dúró.

Ọmọ náà ti kọ èsì. Ó ní òun ti fi gíláàsì bo fọ́tò àti lẹ́tà náà, wọ́n sì wà lára ògiri. Ó ní àwọn ọmọ òun ń bèèrè ìtàn náà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A RÁNTÍ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ́kàn.

Ẹ má ṣe gbé ẹrù ẹlòmíràn láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹrù ni a ń mú.

Ẹ má ṣe fi awọ, eyín, ìwo tàbí ìpẹ́ ẹran igbó ránṣẹ́ sí òkè òkun láìkọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlù tí a fi awọ òjòlá ṣe, tàbí àpò tí a fi awọ ẹran igbó rán, ẹ bèèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín kọ ìwé ẹrù, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ "ère igi" sí ìwé, tí ìwo ẹran sì wà nínú àpótí, ẹ̀yin ni a ó pè ní òpùrọ́, kì í ṣe òun.

Bí àlejò bá wá ra awọ ẹkùn, eyín erin tàbí akíka lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó rẹ̀ fa ojú yín mọ́ra. Kò ní ìwé. Kò sì lè ní i lọ́nà tí ó tọ́.

Àwọn igbó ńlá tí ó wà lẹ́bàá wa, Monts Kouffé àti Wari-Maro, ṣì ní ẹran nínú. Bí a bá tà wọ́n tán, orí ògiri àti inú fọ́tò nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa rí wọn.

Ní ìparí, bí ẹ bá ní ohun ìrántí kan nílé, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí. Ta ni ó ni ín? Níbo ni ó ti wá? Ọdún wo ni? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n wà láàyè. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìdí tí a fi ń da iyọ̀ sí awọ ẹran?
2. Dárúkọ ẹran mẹ́ta tí ó wà ní ọ̀wọ́ kìíní.
3. Oṣù mélòó ni ìwé àṣẹ ìjáde ń lò?
4. Àpótí kan gùn ní sàǹtímítà 100, ìbú rẹ̀ jẹ́ 60, gíga rẹ̀ jẹ́ 50. Kílò mélòó ni ọkọ̀ òfurufú yóò kà á sí, bí kò bá wúwo tó bẹ́ẹ̀?
5. Kí ni Bàbá ọdẹ fi ránṣẹ́ dípò awọ ẹkùn? Ṣé ó ṣe dáadáa? Ẹ sọ èrò yín.